Lé àti Dín

Oṣù Kejìlá ní Duluth, etí adágún ti di dígí.
Mo jókòó sẹ́yìn àwọn tó ń pariwo, kọ̀ǹpútà lórí itan,
mò ń ka ohun tí ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún.

Ẹni tó ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, tolórí-tẹlẹ́mù ló rí i.
Corwin Haskell kì í sábà jù ú sáwọ̀n.
Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, báńdéèjì ní orúnkún òsì,
àmì mẹ́rin lálẹ́ kan, nígbà míì méjì,
nígbà míì òfo tó funfun bíi yìnyín ìta.
Kóòṣì ní, "Ṣé kó kàn máa sáré kiri ni mo ṣe ń sanwó fún un?"

Mo ní ẹ jẹ́ n kà á bí wọ́n ṣe ń kà nílé wa.

Ayẹ̀kòkówò ni bàbá mi n'Ìkirè, òṣìṣẹ́ ìjọba.
Kì í wo bí àpò ṣe sanra.
Yóò ti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó bọ ikùn àpò,
yóò ka ọgọ́rùn-ún èso sórí pátákó,
yóò fi ọ̀bẹ là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan:
èyí ti bu, kòkòrò ti jẹ èyí, èyí dára.
Èmi ni mo ń kọ iye sínú ìwé.
Mẹ́rin lé lógún. Márùn-ún dín lọ́gbọ̀n.
Ó ní, "Ṣé o rí i? Kí o tó dé márùn-ún,
èdè wa ti kẹ̀yìn sí ogún, ó ti ń wo ọgbọ̀n,
kò ka ohun tó wà mọ́, ohun tó kù ló ń kà."

Nítorí náà mo ka ọgọ́rùn-ún.
Ọgọ́rùn-ún ìgbà tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí wa lọ́wọ́
tí Corwin wà lórí pákó: tiwa fi mẹ́sàn-án lé sí tiwọn.
Ọgọ́rùn-ún ìgbà tó jókòó, tó gbé omi dídì lé orúnkún:
tiwa fi mẹ́fà dín.
Mo yọ ti àwọn tí wọ́n jọ ṣeré kúrò,
mo yọ ti àwọn ọ̀lẹ tó bá pàdé,
kí n má fi adé ẹlòmíì dé e.
Ìyókù ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Kóòṣì bọ́ awò ojú, ó tún un wọ̀.
"Mẹ́fà péré ló ń pa wá?"
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.
Inú mi ni mo ti sọ ọ́. Ta ni mo fẹ́ túmọ̀ ẹ̀ fún?
Wọ́n dá Corwin sí.

Oṣù Kejì.
Mẹ́sàn-án ti di méjì. Orúnkún ni.
Ìlà tí mo yà ń sọ̀ kalẹ̀
bí òpópónà ìlú yìí ṣe ń ti orí òkè sọ̀ bọ́ sí adágún.
Mi ò rí ẹni bá mi jiyàn mọ́,
ṣebí èmi ni mo kọ́ wọn láti gbà á gbọ́.
"Nọ́ńbà tìrẹ ni," kóòṣì wí, ó sì rọra wí i.

Corwin bá mi níbi ọkọ̀, báàgì léjìká.
"Ìwọ lo kà mí?" Mo ní èmi ni.
"Kò sẹ́ni tó kà mí rí." Ó rẹ́rìn-ín.
"Ṣé o ka ohùn mi mọ́ ọn?"

Ohùn rẹ̀. "Òsì! Òsì lẹ́yìn ẹ!"
kí ẹni tó fẹ́ dínà tó dé,
gbogbo alẹ́, títí ọ̀nà ọ̀fun á fi ha.
Mo ti ń gbọ́ ọ láti oṣù Kẹwàá
bí ẹni ń gbọ́ ẹ̀rọ amúlégbóná.

Lẹ́yìn kíkà, lẹ́yìn ọ̀bẹ, kó tó tẹ òǹtẹ̀,
bàbá mi máa ń ju èso kan sẹ́nu, a rún un.
Mi ò bi í rí ohun tó ń wá níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì a fi méjì borí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Bàtà ń han lórí pákó, bọ́ọ̀lù ń ró gbì, gbì,
kò sí ẹni tó ń pe òsì.
Mo ya òpó tuntun kan sínú tábìlì,
mi ò tíì mọ orúkọ tí n ó kọ sí i lórí.